Amọ̀ pupa orí òkè ayọnáyèéfín: ta ló ń purọ́ nínú ìwé, ilé àyẹ̀wò àti ọwọ́ àgbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Mo ní ilẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ayọnáyèéfín kan tó ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Amọ̀ pupa ni, ó sì jìn débi pé a gbẹ́ kòtò tó ju ìdúró èèyàn lọ kí a tó kan òkúta. Gbogbo ohun tí mo kà ló sọ pé kò sí ilẹ̀ tó lọ́ràá tó èyí tí òkè ayọnáyèéfín bá fi sílẹ̀, síbẹ̀ etí ewé àgbàdo mi ń di elésè àlùkò láti kékeré, bẹ́ẹ̀ mo ń da ajílẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Èyí tó dà mí láàmú jù ni pé ilé àyẹ̀wò kọ ọ́ sínú èsì pé yanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé amọ̀ ni mo ń fọwọ́ ara mi pò. Ta ló ń purọ́ nínú ìwé, ilé àyẹ̀wò àti ọwọ́ mi?

* * *

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ilé àyẹ̀wò ṣe ń mọ ìwọ̀n amọ̀ rèé. Wọ́n á sá erùpẹ̀ gbẹ, wọ́n á gún un, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá pò ó mọ́ omi tí wọ́n ti fi kẹ́míkà tó ń tú hóró ká sí, wọ́n á sì máa gbọ̀n ọ́n títí wọn yóò fi gbà pé hóró kọ̀ọ̀kan ti dá dúró. Yanrìn a máa rì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. Amọ̀, tí hóró rẹ̀ kò tó ìdá 2 nínú 1000 mìlímítà kan, ṣì máa ń léfòó lẹ́yìn wákàtí 2. Gbogbo ìṣirò wọn dúró lórí pé hóró amọ̀ ti já kúrò lára ara wọn, àmọ́ nínú amọ̀ pupa òkè ayọnáyèéfín, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà irin tó sọ ilẹ̀ náà di pupa ti lẹ hóró amọ̀ pọ̀ di kókó wẹ́wẹ́ tó le, kókó wọ̀nyí a sì rì bí yanrìn ṣe ń rì. Kókó ni ilé àyẹ̀wò wọ̀n. Amọ̀ inú kókó ni ẹ̀yin fọwọ́ tú jáde.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wà nínú kòtò tí a gbẹ́ sórí irú òkè bẹ́ẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ yọ òkìtì kékeré kan láti nǹkan bíi mítà kan sísàlẹ̀. Ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ onígun lọ́wọ́ mi bí èkùrọ́ tí wọ́n pa, ojú wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Mo ta omi sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Fún ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́, ó ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹni tó wà pẹ̀lú mi ti kọ ọ́ sínú ìwé pé amọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú 10, ó ti ń lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò mi, mo sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde bí tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ tó gùn ju ìka lọ kó tó já. A fa ohun tó kọ́kọ́ kọ nù. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe irú ilẹ̀ yìí ní Nitisol, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ohun tó ń dán, nítorí ojú wẹ́wẹ́ tí mo sọ yẹn.

Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 10 gbáko, kí ẹ sì padà wá sọ ohun tí ẹ rí.

* * *

Ẹnì kan ti fèsì pé amọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ti ara òkúta jáde, pé àfi kó jẹ́ odò ló wọ́ ọ wá nígbà kan rí. Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá, torí etí odò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí amọ̀. Àmọ́ odò kì í gun òkè.

Ẹ wo àpáta méjì. Gíránáìtì kún fún kuọ́ọ̀tísì, hóró òkúta tó ń dán bí dígí, tí òjò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe ní nǹkan kan. Bí ìyókù gíránáìtì bá jẹrà, kuọ́ọ̀tísì á ṣẹ́kù, òun la ń pè ní yanrìn. Básáàtì, òkúta dúdú tó ń ṣàn jáde ní gbígbóná láti inú ọ̀pọ̀ òkè ayọnáyèéfín, kò ní kuọ́ọ̀tísì tó ṣeé kà sí. Irin, magnísíọ̀mù, kálísíọ̀mù, alumíníọ̀mù àti sílíkà ló wà nínú rẹ̀, lọ́nà tí omi fi ń tètè tú wọn ká. Bó bá jẹrà tán, kò sí ohun tí yóò ṣẹ́kù ṣe yanrìn. Amọ̀ àti ìpẹtà irin ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Ti eérú tí òkè ayọnáyèéfín ń tú sókè tún yá ju ti básáàtì lọ, nítorí pé ó tutù lójijì nínú afẹ́fẹ́, èròjà inú rẹ̀ kò ráyè tò, dígí ni púpọ̀ nínú rẹ̀, dígí yìí sì ń jẹrà kíákíá. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ básáàtì àti ilẹ̀ gíránáìtì fi lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí òjò kan náà máa rọ̀ sórí méjèèjì, síbẹ̀ kí ọ̀kan jẹ́ amọ̀, kí èkejì jẹ́ yanrìn.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó gbẹ́ títí yóò fi kan ibi tí òkúta ti ń di ilẹ̀. Yóò rí òkúta róbótó tó ní awẹ́ lórí awẹ́ bí àlùbọ́sà: ti òde pupa, ó rọ̀, èékánná lè họ ọ́, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ó ń fọ́ bí àkàrà gbígbẹ, àárín rẹ̀ dúdú, bí ẹ bá fi irin kan án, á dún. Awẹ́ òde yẹn ni amọ̀ yín, odò kankan kò gbé e wá.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tí ìwé sọ. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín lọ́ràá, àmọ́ àwọn tó ń kọ gbólóhùn yẹn kì í sábà bi ilẹ̀ léèrè ọjọ́ orí.

Lórí erékùṣù Java ní Indonéṣíà, àwọn àgbẹ̀ ń padà sí ẹ̀bá òkè Merapi lẹ́yìn ìbúgbàù, nítorí pé bí òjò ṣe ń fọ èròjà lọ ni eérú tuntun ń dá a padà. Níbi tí òkè bá ti kú, òjò ń kó, kò sì sí ẹni tó ń dá a padà. Hawaii ni èyí ti hàn kedere jù lọ, torí pé básáàtì ni gbogbo erékùṣù wọn, ọjọ́ orí wọn ló yàtọ̀. Lórí erékùṣù tó tóbi jù níbẹ̀, àpáta wà tó ṣàn jáde ní ọdún 2018. Ní Kauai, àpáta ti wà fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 sí 5 ọdún. Èròjà tí àpáta fi fún ilẹ̀ tó dàgbà jù ní Kauai ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, débi pé eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé kọjá òkun Pàsífíìkì láti Éṣíà wà lára ohun tó ń fún àwọn igi ibẹ̀ ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú èròjà tí irúgbìn kò lè ṣe aláìjẹ. Ẹ tún wo bí òjò ṣe ń pọ̀ tó lórí irú òkè bẹ́ẹ̀: Debundscha, ní ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, ń gba nǹkan bíi mìlímítà 10,000 lọ́dún kan. Kò sí kálísíọ̀mù tí irú omi bẹ́ẹ̀ kò lè fọ̀ lọ bí àkókò bá ti pẹ́ tó.

Síbẹ̀, mo lòdì pátápátá sí ẹni tó fèsì pé ilẹ̀ òkè tó ti kú ti ṣá, kí ẹ tà á. Ó ju ìdajì gbogbo Nitisol ayé tó wà ní àwọn ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, ní àwọn òkè Etiópíà, Kẹ́ńyà, Kóńgò àti Kamẹrúùnù. Òun ló gbé kọfí àti tíì tó yí Òkè Kẹ́ńyà ká ró. Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni bí ilẹ̀ náà ṣe tò. Amọ̀ ni, àmọ́ omi kì í dúró lórí rẹ̀. Àárín wẹ́wẹ́ tó ń dán yẹn lomi ń gbà wọlẹ̀, ibẹ̀ náà ni gbòǹgbò ń gbà jìn sísàlẹ̀. Inú wẹ́wẹ́ ni omi tí irúgbìn yóò mu nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ń pamọ́ sí. Mo ti rí gbòǹgbò kọfí ní ìsàlẹ̀ kòtò tó jìn tó mítà mẹ́ta, tó tẹ́ pẹrẹsẹ sójú wẹ́wẹ́ amọ̀ bí okùn ìránṣọ. Ilẹ̀ tó gba gbòǹgbò láyè báyìí kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn ń tà nítorí ewé tó pọ́n.

* * *

Ní ti ewé yẹn gan-an. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí ẹ ṣe ajílẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Ewé àgbàdo tó bá di elésè àlùkò láti kékeré sábà ń wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ó lè jẹ́ pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ilẹ̀ yín tí irúgbìn kò sì rí i jẹ, nítorí pé irin àti alumíníọ̀mù tó wà lára amọ̀ náà ń dì í mú. Nínú ilẹ̀ eérú, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ọ̀kan nínú àmì tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé ó lè di ó kéré tán ìdá 85 nínú 100 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n bá dà sí i nínú ilé àyẹ̀wò mú. Amọ̀ pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ le tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni.

Èmi náà ti fọ́n ajílẹ̀ ká ojú irú ilẹ̀ yìí fún ọdún mẹ́ta léraléra, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí a yẹ ilẹ̀ náà wò, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀ ti pọ̀ sí i, èyí tí gbòǹgbò lè fà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí gidigidi, torí owó àwọn ẹlòmíràn ni mo ń ná. Bí ẹ bá fọ́n ọn ká, gbogbo hóró amọ̀ tó wà lójú ilẹ̀ ni yóò pín in jẹ. Bí ẹ bá kó díẹ̀ jọ sójú kan, bí ìbú ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ irúgbìn, amọ̀ tó yí i ká yóò yó, ìyókù yóò sì kù fún gbòǹgbò. Ẹ fi ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà kún un: àwọn ásíìdì tó ń jáde láti inú rẹ̀ máa ń jókòó sórí àga tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ìbá jókòó lé lára amọ̀.

Àwọn mìíràn ń sọ̀rọ̀ láìmù, ìyẹ̀fun òkúta tí wọ́n ń dà sílẹ̀ láti dín kíkan rẹ̀ kù. Láìmù dára bí pH, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó, bá wà lábẹ́ 5.5, nítorí níbẹ̀ ni alumíníọ̀mù ti ń ba gbòǹgbò jẹ́. Bó bá ti dé 5.5, ẹ dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fi láìmù gbé irú ilẹ̀ yìí dé 7, ilẹ̀ náà yóò mu láìmù bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, yóò sì tún wá há àwọn èròjà kéékèèké bíi síńkì mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Bí èèyàn bá ti ń gun òkè, fún mítà 1000 kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ń tutù sí i ní nǹkan bíi díígírì 6. Òtútù nìkan tó láti sọ ewé àgbàdo kékeré di elésè àlùkò, kó sì padà ní àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀ bí oòrùn bá mú. Nítorí náà, ẹ ya poro méjì sọ́tọ̀, ẹ fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ irúgbìn nínú ọ̀kan, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Bí méjèèjì bá pọ́n bákan náà, òtútù ni kí ẹ fura sí.

* * *

Ìdáhùn kúkúrú fún ẹni tó sọ pé ilẹ̀ dúdú dára ju pupa lọ níbikíbi: rárá o. Lórí òkè kan ṣoṣo, dúdú méjì lè wà tí kò bára wọn tan.

Dúdú òkè pátápátá, níbi tí eérú wà tó sì tutù, jẹ́ ti ewé jíjẹrà tí eérú dì mú tí kò jẹ́ kó tán. Andosol lorúkọ rẹ̀, láti inú èdè Japan, níbi tí «an» ti jẹ́ dúdú, tí «do» sì jẹ́ ilẹ̀. Ó fúyẹ́ lọ́nà ìyanu: lítà kan rẹ̀ tó bá gbẹ kì í sábà ju kìlógírámù 0.9 lọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka, á kọ́kọ́ dà bí ohun gbígbẹ, lójijì á yọ̀ bí ọṣẹ, omi á sì yọ jáde. Amọ̀ inú rẹ̀ ni allophane, ìṣù róbótó wínníwínní tó ní ihò nínú. Dúdú ẹsẹ̀ òkè ńkọ́? Sílíkà, magnísíọ̀mù àti kálísíọ̀mù tí òjò fọ̀ láti òkè wá ń kó jọ síbẹ̀, níbi tí omi ti ń pẹ́ kó tó lọ, wọ́n á sì di smectite, amọ̀ tó ń ṣí bí ojú ìwé kí omi lè wọlé. Ó ń wú nígbà òjò, ó sì ń sán gbàgà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí apá yóò fi lè wọ inú ihò rẹ̀. Vertisol nìyẹn, òun ló bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ básáàtì Deccan ní Íńdíà. Pupa tiyín wà láàárín àwọn méjèèjì, níbi tí òjò ti fọ sílíkà lọ tó, tí omi kò sì dúró.

* * *

Ẹnì kan fẹ́ kọ́lé sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ń dẹ́rù bà á pé amọ̀ yóò la ògiri rẹ̀. Smectite tó wà nísàlẹ̀ ni amọ̀ tó ń la ògiri. Amọ̀ pupa kì í wú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó bẹ̀rù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kí ilẹ̀ ya.

Nínú amọ̀ ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín, èyí tó ń rú èèyàn lójú jù ni halloysite. Awẹ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń ká bí ẹní, pẹ̀lú omi láàárín awẹ́ àti awẹ́. Ní Kẹ́ńyà, nígbà tí wọ́n fi irú amọ̀ yìí kọ́ ògiri ìsédò Sasumua, tó ń fún Nàìróbì ní omi, ìdánwò tí wọ́n sábà ń ṣe fún amọ̀ fi hàn pé kò dára. Bí wọ́n sì ṣe wọn agbára rẹ̀ gan-an, ó lágbára dáadáa. Karl Terzaghi, tó dá ìmọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ sílẹ̀, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958, ó sì ṣàlàyé pé kókó tí hóró amọ̀ náà lẹ̀ pọ̀ sí ni kò jẹ́ kó hùwà bí amọ̀ yòókù. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kókó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ náà ló tún padà wá.

Àmọ́ amọ̀ yìí kan náà lè di ẹrẹ̀ lójijì bí nǹkan bá gbọ̀n ọ́n nígbà tó kún fún omi. Ní ọjọ́ 6 oṣù September ọdún 2018, ìsẹ̀lẹ̀ kan ní Hokkaido ní Japan mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ya. Púpọ̀ nínú wọn yọ̀ lórí ìpele eérú àtijọ́ tó ti di halloysite. Kò tilẹ̀ di dandan kí ilẹ̀ mì. Ní Bududa, lórí Òkè Elgon ní Uganda, òjò líle nìkan ló fa ti oṣù March ọdún 2010, tó bo abúlé mọ́ àwọn èèyàn lórí.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé má ṣe gé ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti fi wá ibi títẹ́jú. Kó darí omi òrùlé lọ sí ibi tó jìnnà, kó má sì jẹ́ kó máa wọ ẹ̀yìn ilé. Bó bá rí i pé àwọn igi tẹ̀ síwájú nísàlẹ̀, tí wọ́n sì tún nà sókè tààrà, ilẹ̀ náà ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Kó kọ́ ọ síbòmíràn.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun pò ó fún ìṣẹ́jú 10, pé ó gùn tó ìka àárín òun kó tó já, pé lẹ́yìn tí òun fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná. Ó wá béèrè ohun tí yóò sọ fún ilé àyẹ̀wò.

Ẹ sọ fún wọn pé ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín ni, kí wọ́n má sá a gbẹ kí wọ́n tó wọn amọ̀ rẹ̀. Bí eérú bá wà nínú rẹ̀, bó bá ti gbẹ pẹ́rẹ́ báyìí, ó ti di hóró líle tí omi kò lè tú ká mọ́. Kí wọ́n fi kún àkókò gbígbọ̀n, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fa irin inú rẹ̀ jáde bí wọ́n bá ní ohun èlò rẹ̀. Ẹ ó rí i bí iye amọ̀ yóò ṣe gòkè. Kí wọ́n wọn pH rẹ̀ nínú omi lásán, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n nínú omi tí wọ́n fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ sodium fluoride sí. Bí èyí kejì bá ju 9.5 lọ, allophane wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yín yóò sì le ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ bu erùpẹ̀ láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ oko lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Bí èsì bá dé, ẹ gbé pH méjèèjì wá síbí, pẹ̀lú bí ibi tí ẹ ti bu erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó, kí a lè mọ ibi tí poro méjì yẹn yóò wà.